Ẹ Má Ṣe Pa Ẹlẹ́rìí Lẹ́nu Mọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Gééjì Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi



Ìwé kíkà kì í ṣe ti orí bébà nìkan. Ẹni tí ó bá mọ nọ́ńbà lè ka aago. Ó lè ka òṣùwọ̀n lọ́jà. Ó lè ka ọjọ́ tí agbára oògùn yóò tán. Awakọ̀ ojú omi náà ní ohun tí ó yẹ kí ó máa kà. Ohun náà ni gééjì, ojú aago kékeré tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, tí ó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ní Àjàṣẹ́ wa yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìkan. Ọ̀sà wà lẹ́sẹ̀ ìlú. Orí rẹ̀ ni a ń gbà lọ sí àwọn abúlé Aguégués. Bí a bá gba ọ̀nà omi Totchè, a ó bọ́ sí adágún Nokoué, a ó sì dé Ganvié àti Kútọnu. Bí a bá kọjú sí ìlà-oòrùn, omi yìí kan náà ni ó lọ sí Àgbádárìgì àti Èkó. Àwọn ìyá wa ń gbé ẹja àti gàrí gba ibẹ̀. Àwọn ọmọdé ń gba ibẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú láàárín omi ní alẹ́, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́, gbogbo wọn ni ó kàn.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀? Nígbà tí abẹ́rẹ́ gééjì bá gòkè dé ibi pupa, ọ̀pọ̀ awakọ̀ a máa sọ pé, "Irọ́ ni nǹkan yìí ń pa." Àwọn kan a fi ìka gbá ojú gíláàsì rẹ̀. Àwọn kan a yọ wáyà rẹ̀ kúrò, kí abẹ́rẹ́ lè wálẹ̀, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Bí aago ìkìlọ̀ bá ń dún, wọ́n á gé wáyà òun náà.

Èrò tèmi ni pé ìwà yìí kò dára. Gééjì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí lè parọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kì í pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́ kí a tó yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í sì gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo láìbéèrè. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Nítorí náà, òfin mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí awakọ̀ ní:

1. Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè, gbà pé òótọ́ ni títí ìwọ yóò fi rí i pé irọ́ ni.
2. Wá ẹlẹ́rìí kejì.
3. Gééjì tí ó bá parọ́, tún un ṣe. Má yọ wáyà rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí omi ṣe ń mú ẹ́ńjìnnì tutù

Iná ni ó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Iná yìí ni ó ń fún ọkọ̀ ní agbára. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mú ooru rẹ̀ kúrò, irin yóò wú, òróró yóò jó, písítìnì yóò sì há mọ́ inú ilé rẹ̀. Nígbà náà, ẹ́ńjìnnì ti kú nìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì tí a ń kọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, irú Yamaha tí gbogbo wa mọ̀, kò ní rédíétọ̀. Omi ọ̀sà gan-an ni ó ń mu. Ihò kéékèèké wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí omi ń gbà wọlé. Pọ́ǹpù kan wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà tí ó ní ewé bí òdòdó ni ó ń yí nínú pọ́ǹpù náà, tí ó ń ti omi lọ sókè. Omi náà yóò yí ẹ́ńjìnnì ká, yóò gba ooru rẹ̀, yóò sì jáde. Díẹ̀ nínú omi náà ni ẹ ń rí tí ó ń tọ̀ jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì.

Ẹ ṣàkíyèsí omi tí ó ń tọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré kò ní gééjì rárá. Omi yìí ni gééjì tiwọn. Bí ó bá ń tọ̀ dáadáa, ó dára. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ tán, tàbí tí ó ń jáde pẹ̀lú oruku, nǹkan ti ṣe.

Àwọn ọkọ̀ ńlá tí ó ń lo dísù ní ẹ́ńjìnnì nínú ikùn wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yìí ní omi mímọ́ tiwọn tí ó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, omi òde ni ó sì ń mú omi mímọ́ náà tutù. Àwọn ni wọ́n sábà máa ń ní gééjì.

Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni ẹ́ńjìnnì gbóná

Bí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, dín eré kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wá ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí láìséwu. Pa ẹ́ńjìnnì. Má da omi tútù sí orí irin gbígbóná, nítorí ó lè sán. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá ní ọmọrí omi, má ṣí i nígbà tí ó gbóná. Omi híhó tí a sé mọ́ inú yóò tú sí ọ lójú. Fún un ní àkókò láti tutù.

Lẹ́yìn èyí, wo ohun tí ó rọrùn kí o tó wo ohun tí ó le.

Wo ihò tí omi ń gbà wọlé. Ní orí ọ̀sà wa, ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ sábà máa ń wà. Àpò ọ̀rá lè bò ó. Ẹrẹ̀ lè dí i. Koríko ojú omi tí àwọn ará Faransé ń pè ní jacinthe d'eau lè wé mọ́ ọn. Nígbà tí odò Ouémé bá kún, omi dídùn a bo ọ̀sà, koríko yìí a sì pọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ a ti òkun wọlé, koríko a sì kú. Nítorí náà, àkókò ọdún náà ń sọ ibi tí ó yẹ kí o kọ́kọ́ wò. Nígbà omi kíkún, wá koríko. Nígbà omi iyọ̀, rántí pé iyọ̀ ń jẹ irin àti wáyà, ó sì ń dì mọ́ inú ọ̀nà omi.

Bí ihò bá mọ́, wo rọ́bà inú pọ́ǹpù. Omi tí iyanrìn wà nínú rẹ̀ a máa jẹ ẹ́. Bí a bá tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ gbígbẹ láìsí omi, rọ́bà yìí lè bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ewé rẹ̀ kan bá sì já, ó lè lọ há sí ọ̀nà omi lókè. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ rọ́bà, tí kò wá ewé tí ó já, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.

Lẹ́yìn èyí ni kí a wo tẹ́mósítáàtì. Èyí ni ilẹ̀kùn kékeré tí ó ń ṣí nígbà tí omi inú bá gbóná tó, tí ó sì ń padé nígbà tí ó bá tutù. Bí iyọ̀ bá dì mọ́ ọn, kò ní lè ṣí mọ́. Yọ ọ́, gbé e sínú ìkòkò omi, kí o sì gbé e ka iná. Bí omi bá hó tí kò sì ṣí, ó ti kú.

Má gbàgbé òróró. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí a ń po òróró mọ́ epo rẹ̀, lítà òróró 1 ni a ń pò mọ́ lítà epo 50. Nọ́ńbà ti ẹ́ńjìnnì tìrẹ wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tí ó bá fojú díwọ̀n òróró, tàbí tí ó dín in kù nítorí owó, ń pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Wo ẹrù náà pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ yóò gbóná, bí omi tilẹ̀ ń wọlé dáadáa.

Bí a ṣe ń mọ irọ́ gééjì

Nísinsìnyí, bí o bá fọwọ́ súnmọ́ ẹ́ńjìnnì, tí kò gbóná ju bí ó ti máa ń rí lọ ńkọ́? Bí omi bá ń tọ̀ dáadáa ńkọ́? Nígbà náà ni a lè bẹ̀rẹ̀ sí fura sí gééjì.

Gééjì kì í dá ṣiṣẹ́. Ohun mẹ́ta ni ó wà: séńsọ̀ tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì, wáyà tí ó ń gbé ìròyìn, àti ojú gééjì tí a ń wò. Ẹ fi wé ìránṣẹ́. Ẹnìkan rí nǹkan, ẹnìkan gbé ọ̀rọ̀ náà, ẹnìkan sì kéde rẹ̀. Irọ́ lè ti ibikíbi wọ̀ ọ́.

Ẹ wo ìwà abẹ́rẹ́, ẹ ó mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Bí o bá ṣí kọ́kọ́rọ́ ní òwúrọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, tí abẹ́rẹ́ sì fò lọ sí ibi pupa lójú kan náà, irọ́ ni. Ohun tí a kò tíì tàn kò lè gbóná. Wáyà ni ó ṣeé ṣe kí ó ti bó, kí ó sì máa kan irin.

Bí abẹ́rẹ́ bá ń fò sókè sódò bí ẹyẹ, wáyà ni kí o fura sí. Ìkòkò omi kì í hó lójú kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í tutù lójú kan. Ooru ń rìn jẹ́jẹ́.

Bí abẹ́rẹ́ bá ń yí padà nígbà tí o bá tan iná ọkọ̀ tàbí tí o fọn fèrè, wo bátìrì àti wáyà tí ó so mọ́ irin. Bí gbogbo gééjì bá jọ ń ṣe wèrè pọ̀, má yọ séńsọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orísun kan náà ni àìsàn wọn.

Ọ̀nà kan wà láti dán an wò. Pa ẹ́ńjìnnì. Rí i dájú pé kò sí epo tí ó dà sílẹ̀, kò sì sí òórùn epo. Ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì. Yọ wáyà kúrò lórí séńsọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ gééjì alábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ yóò wálẹ̀ sí ibi tútù. Nísinsìnyí, fi ẹnu wáyà náà kan irin ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀. Abẹ́rẹ́ yóò lọ sí ibi gbígbóná. Nínú àwọn gééjì mìíràn, ìdàkejì ni. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí abẹ́rẹ́ rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí ó bá rìn, gééjì àti wáyà dára, séńsọ̀ ni kí o yẹ̀ wò. Bí kò bá rìn, wáyà tàbí gééjì ni ó bàjẹ́. Dá wáyà náà padà sí àyè rẹ̀ kí o tó lọ.

Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò gba owó. Ó gba sùúrù nìkan.

Irọ́ tí ó burú jù

Gbogbo ènìyàn ni ó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ tí ó gòkè. Èmi ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ tí ó jókòó jẹ́ẹ́ jù ú lọ.

Inú omi ni séńsọ̀ ń wà. Ooru omi ni ó ń sọ. Bí omi bá ti jò tán nínú ẹ́ńjìnnì, séńsọ̀ lè wà ní òfìfo. Kò sí omi gbígbóná tí yóò kàn án mọ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè wálẹ̀, nígbà tí irin ń jóná. Awakọ̀ yóò sì máa sọ pé, "A dúpẹ́, ó ti tutù." Kò tutù o. Ẹlẹ́rìí ti kú ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ti omi tí ó ń tọ̀ lẹ́yìn. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, omi náà ń jáde kí ó tó yí inú ẹ́ńjìnnì ká. Ó lè máa tọ̀ dáadáa, kí ọ̀nà òkè sì ti dí. Ẹrẹ̀ sì lè dí ihò tí ó ń gbà tọ̀, kí inú ẹ́ńjìnnì sì wà ní àlàáfíà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí a wá ẹlẹ́rìí kejì: ojú, ọwọ́, imú, etí. Òórùn kíkun tí ó ń jó, ohùn ẹ́ńjìnnì tí ó yí padà, agbára tí ó ń dín kù, ẹlẹ́rìí ni gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 28, oṣù March, ọdún 1979, ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Three Mile Island ní Pennsylvania, ilẹ̀kùn omi kan ṣí, kò sì padé mọ́. Iná kékeré kan wà níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Iná yìí sọ pé a ti pàṣẹ kí ilẹ̀kùn náà padé. Kò sọ pé ó padé. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé ó ti padé. Gééjì mìíràn mú kí wọ́n rò pé omi ti pọ̀ jù, wọ́n sì dín omi tí ó yẹ kí ó mú un tutù kù. Apá kan nínú ibi tí ooru ti ń wá yọ́. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, ẹ̀rọ wọn sì pọ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí irú wọn, ó yẹ kí àwa náà kíyè sára. Gééjì ń sọ ohun tí ó fọwọ́ kàn. Kì í sọ gbogbo ohun tí ó wà.

Lẹ́tà kan ṣoṣo

Ọ̀rọ̀ yìí kan kíláàsì wa gan-an. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa jẹ́ àlòkù. Àwọn kan ti Yúróòpù wá, àwọn kan ti Amẹ́ríkà wá. Ti Yúróòpù ń lo lẹ́tà C. Ti Amẹ́ríkà ń lo lẹ́tà F. Omi ń hó ní 100 lórí C, ṣùgbọ́n 212 ni lórí F.

Ẹni tí ó bá rí 180 lórí gééjì F, tí kò mọ lẹ́tà náà, lè bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Yọ 32 kúrò nínú 180, ó ku 148. Pín in sí ọ̀nà 9, kí o sì fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀. Ó di nǹkan bí 82 lórí C. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísù ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ibẹ̀. Ẹ rí i pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yà ìbẹ̀rù sọ́tọ̀ kúrò lára àlàáfíà. Ẹni tí ó bá sọ pé ìwé kíkà kò wúlò fún awakọ̀ ojú omi, ẹ fi gééjì méjì yìí hàn án.

Ìdáhùn sí àwọn tí kò gbà

Àwọn kan yóò sọ pé, "Kò sí àkókò. Ọjà ń dúró. Àwọn èrò ń pariwo." Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi yẹ ihò omi wò kò tó wákàtí tí a ó fi máa léfòó lórí adágún. Rọ́bà pọ́ǹpù kò sì wọ́n bí ẹ́ńjìnnì odidi.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé, "Gééjì wa ti gbó, irọ́ ni ó ń pa ní gbogbo ìgbà." Ìdáhùn mi ni pé kí a tún un ṣe. Bí ajá bá ń gbó lásán, ẹnì kan kì í gé ahọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ tí olè bá dé, ta ni yóò gbó?

Mo sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀. Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru awakọ̀. Bí ẹ bá ń bínú sí i nígbàkigbà tí ó bá dúró, yóò yọ wáyà, kí ẹ má baà bínú. Ẹ kun ọkọ̀ yín ní ọ̀dà dídán, ẹ kọ orúkọ sí i lára, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ ra rọ́bà pọ́ǹpù kan pamọ́ sínú ọkọ̀. Ẹ fi sípánà àti àjẹ̀ sí i. Ẹ fi aṣọ ìléfòó sí i fún àwọn èrò.

Ẹ̀yin èrò náà, nígbà tí awakọ̀ bá sọ pé òun fẹ́ dúró yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ẹ má bú u. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó ń tọ́jú yín.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìdí tí a fi fi gééjì sí ọkọ̀ nìyí: kí a lè rí ewu láti òkèèrè. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń kà á. Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní kíláàsì

1. Abẹ́rẹ́ fò lọ sí ibi pupa nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Kí ni o rò pé ó ṣẹlẹ̀?
2. Kí ni ìdí tí abẹ́rẹ́ fi lè wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná?
3. Gééjì kan ní lẹ́tà F, abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà ní 212. Mélòó ni lórí C? Kí ni ó yẹ kí awakọ̀ ṣe?
4. Ta ni ó yẹ kí ó ra rọ́bà pọ́ǹpù, awakọ̀ ni tàbí ẹni tí ó ni ọkọ̀? Sọ ìdí rẹ̀.